Ewúrẹ́ Tó Jẹ Fèrè Tíṣà Bándélé

Lọ́jọ́ tí Tíṣà Bándélé fẹ́ dá sinimá dúró ní Dùgbẹ̀, ẹkún ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ìyá ọmọkùnrin inú fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, òjò ń rọ̀, orin ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ òjò. Àfi bí Tíṣà ṣe dìde fùú láàárín èrò, wọ́n tan iná fóònù wọn.

"Ẹ dá a dúró! Ẹ dá a padà sẹ́yìn! Wọ́n ti yọ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nínú orin yìí!"

Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wọlé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Àwo orin ẹ̀ wà nílé mi, orin kẹta. Fèrè ló yẹ kó wọlé báyìí. Fèrè dà?"

Obìnrin kan tó ń nu omijé lẹ́yìn wọn ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé ìyá ẹ̀ ló kú ni?"

"Mo rí i. Ìyẹn ti kú ná, kò tún lè kú mọ́. Fèrè ni ká yáa dóòlà!"

Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní orin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Bódìjà, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọn ò sì yéé kọ́ni: orin inú fíìmù àti orin inú àwo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú àwo, wọ́n ní, orin ń rìn bí ọba, ó ń gbẹ́sẹ̀ bó ṣe wù ú. Nínú fíìmù, ó ti dọmọ ọ̀dọ̀: bí ẹnìkan bá ti lanu báyìí, kó yáa panu tiẹ̀ mọ́. Tíṣà á wo fíìmù tán, wọ́n á délé, wọ́n á fi àwo sí i, wọ́n á mú bíírò pupa, wọ́n á máa kọ ibi tí wọ́n ti gé e.

Ìyàwó wọn, Màmá Olúkẹ́mi, wò títí. Wọ́n ní, "Bàbá Olúkẹ́mi, àwọn èèyàn ń lọ wo fíìmù. Ẹ̀yin ń lọ fún un ní ìdánwò."

"Ó sì ń féèlì," ni Tíṣà wí.

Ẹ bi Surajudeen, tó ń fi máíkírà kérò láti Challenge sí Dùgbẹ̀. Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó so fóònù wọn mọ́ rédíò ọkọ̀, kó gbọ́ orin kan tí wọ́n fi lé olè nínú fíìmù, torí ìdajì péré ni fíìmù lò nínú ẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìlù ń dún kíkankíkan, Surajudeen sì ń tẹná mọ́ ọkọ̀ sí i. Kí wọ́n tó dé Ring Road, ó ti ya ọkọ̀ mẹ́fà sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń lé wa?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa. Gòjé òyìnbó ni."

Àfi bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣe na ọwọ́ sí i. Surajudeen tẹ bíréèkì, ó pa rédíò. Tíṣà mi orí lẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹ ò rí i? Bí fíìmù yẹn náà ṣe ṣe é nìyí. Ọkọ̀ dúró, orin ò tíì parí!"

Àwa tá a mọ Tíṣà mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí fíìmù Yorùbá ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, John, tó ní yàrá tí wọ́n ti ń to fíìmù pọ̀ ní Challenge, bẹ Tíṣà pé kí wọ́n fọn fèrè sí ọ̀kan. Tíṣà fọn ọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Wọ́n ní ẹ̀mí àwọn wà nínú ẹ̀.

Fíìmù jáde, gbogbo àdúgbò péjọ sí pálọ̀ Tíṣà. Fèrè wọlé, ó dún fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Ni ìyá ọkọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyàwó ọmọ ẹ̀, fèrè wọlẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìyá náà máa fi mí, tí fèrè ní kóun yọrí, ewúrẹ́ kan tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé nínú fíìmù náà ní, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀!" Ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà ti wà ní Challenge. "John, ìwọ àti ta lẹ jọ gbà á pé kí ewúrẹ́ jẹ fèrè mi?"

"Tíṣà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, a gbọ́dọ̀ rẹ orin sílẹ̀ ni."

"Ewúrẹ́ náà ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Nínú fíìmù yẹn, òun ló ṣeré jù."

Ohun kan ṣoṣo ni Tíṣà wá bẹ̀bẹ̀ fún: kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ gba fèrè náà sí. "Kí aráyé ṣáà gbọ́ odindi ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." John wá a títí, kò rí i. Ogún ọdún kọjá. Àwọn ọmọ Agbowó tó mọ ìtàn náà á kígbe sí wọn pé, "Tíṣà, ewúrẹ́ ń kí yín o!" Tíṣà á dáhùn pé, "Ẹ sọ fún un kó pọ fèrè mi jáde!"

Lọ́dún tó kọjá, Tíṣà sùn, wọn ò jí.

Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú gan-an ni John ń kó ẹrù kúrò ní Challenge lọ sí Moniya. Ó fa kọ́bọ́ọ̀dù kan, kásẹ́ẹ̀tì kan jábọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ìwé tó wà lára rẹ̀ ti ń pọ́n: *Fèrè Bándélé, odindi.* Ó gbé e lọ bá Màmá Olúkẹ́mi, ó dọ̀bálẹ̀, ojú ń tì í.

"Mà, ó ti pẹ́ jù."

"Kò pẹ́. Wọ́n ní kí aráyé gbọ́ ọ, àbí? Aráyé ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá gba gbohùngbohùn fúnra wọn. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó jáde lọ wú u."

Fèrè wọlé. Ó kọjá ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Kò sí ìyá ọkọ. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dùn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ó wá kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ ibẹ̀.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀," ni Surajudeen ké lẹ́yìn pátápátá. Kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ̀rín bú gbàmù. Àlùfáà rẹ́rìn-ín, Màmá fi gèlè bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ fèrè sílẹ̀. Ó gba inú ẹ̀rín náà kọjá lọ títí dé òpin.

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ, ó ń dún ṣíì. Ohùn kan wá jáde nínú ẹ̀, ohùn Tíṣà nígbà tí wọ́n ṣì ní irun lórí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí nínú fíìmù.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀?"

Màmá Olúkẹ́mi ló kọ́kọ́ dáhùn, wọ́n kọjú sí pósí.

"A gbọ́ ọ, Bàbá Olúkẹ́mi. Kò ku nǹkan kan."