Fèrè Tó Ń Dé Etí Ìyàwó Mi

Fèrè tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Kilarinẹ́ẹ̀tì béèsì ni, dúdú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bíi ti lékeléke. Àwọn ọ̀dọ́ ti gba tìróńpẹ́ẹ̀tì àti sasofóònù. Ìyẹn ló kù fún èmi àgbà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé bí mo bá fọn ọ́n nílé wa ní Ìkosì, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ etí odò Ògùn lẹ́yìn Máìlì Tuẹ́ẹ̀fù a máa dáhùn. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ọ̀pọ̀lọ́.

Ọ̀gá akọrin kì í jẹ́ kí n dá orin fọn. Abẹ́ orin ẹlòmíràn ló ní kí n máa kùn sí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá, ta ló máa jókòó gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Òwódé Onírin, wọ́n á bá wa sọ ọ́ di sàléńsà mọ́tò."

Ẹni tó máa gbọ́ ọ wà nílé mi. Etí ìyàwó mi ti ń kú nígbà yẹn. Ohùn tó bá ròkè kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ti àwọn ọmọ-ọmọ wa, ìbáà ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹnu lòun kàn ń rí tó ń là bíi ti ẹja, ló bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé kilarinẹ́ẹ̀tì yìí, á fa àpótí sún mọ́ mi, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lára.

"Dádì, ìyẹn ń dé."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ ìkórè, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń mú orin tó máa fi jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọ̀gá akọrin ò lè kọ̀ ọ́. Mo ní kilarinẹ́ẹ̀tì béèsì nìkan ni ìdílé tèmi mú.

"Bí mi ò bá wá gbọ́ ńkọ́?" ni ìyàwó mi bi mí. "Gbogbo ayé á máa wò mí."

"Bí kò bá dé, a ó jọ gba ẹ̀yìn sá lọ."

Ó jáde, mo fọn, ó ń jó bọ̀. Àfi bí àwọn onítìróńpẹ́ẹ̀tì, tí wọn kì í rí ìdílé tó ń jó kí ẹnu má yún wọn, ṣe gba orin mọ́ mi lẹ́nu. Ìyàwó mi dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọ tó sọnù sọ́jà.

Ọ̀gá akọrin rí ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

Mo mí kanlẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ohùn náà ti jìn jù. Àga gbọ̀n. Eyín àtọwọ́dá bàbá kan lọ́wọ́ iwájú mì tìtì. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi sì tún rí ọ̀nà. Ó jó, ó jó kọjá pẹpẹ, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé fèrè lára, ó dúró síbẹ̀ títí orin fi parí.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá akọrin yọ sí wa, kilarinẹ́ẹ̀tì kékeré tirẹ̀ lábẹ́ abíyá.

"Bàbá, orin wo lẹ tún mọ̀ fún un?"

"Wọ́n pọ̀ bí ata Máìlì Tuẹ́ẹ̀fù."

Ẹyọ kan péré ni mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwa méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hun tuntun ní pálọ̀. Ìyàwó mi ni adájọ́. Kì í gbọ́ fèrè ọ̀gá rárá. Ìka ọ̀gá ló máa ń wò, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tirẹ̀ wà lára fèrè tèmi.

"Èyí dé." A ó mú un lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyẹn ò dé." A ó tún un hun.