Ohùn Tuntun Alhaji Làtíìfù

Iṣu ni Alhaji Làtíìfù ń tà ní Rye Lane, òpópónà ọjà kan ní Peckham nílùú òyìnbó, kí jẹjẹrẹ tó mú un ní ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun gbà á là, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti yọ gògóńgò rẹ̀ kúrò. Ihò kékeré tí wọ́n dá sí i lọ́rùn ló fi ń mí. Bí ó bá fi àtàǹpàkò dí ihò náà, èémí á gba ẹ̀yìn ọ̀fun, ọ̀rọ̀ á sì jáde.

Ọ̀rọ̀ ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà ha, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń yé àwọn nọ́ọ̀sì. Yorùbá ló di wàhálà, torí kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ gbé agbọ̀n wá, agbọ̀n iṣu ló ní lọ́kàn. Àgbọn ni ìyẹn gbé fún un. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ti ìkà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà Alhaji kò sọ Yorùbá mọ́, títí kan inú ilé.

"Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ nídìí oúnjẹ," Àsúmáù sọ ní ilé ìwòsàn. "Àfi bí ẹni pé èmi ni òṣìṣẹ́ kánsù tó wá yẹ ilé wò."

Bàrákàt ló ń sọ ọ́ fún, ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, tó ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún Evelyn, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

"Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí a fi ń kọ́ wọn," Evelyn ní. "Ìwọ lo gbọ́ Yorùbá. Kí ìwọ àti Alhaji jọ gbìyànjú rẹ̀, èmi náà á wà níbẹ̀."

Àwọn àbúrò ìyá Bàrákàt ní Ìlọrin máa ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Síbẹ̀, nígbà tí Alhaji tún dé, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Alhaji, Yorùbá la máa ṣe lónìí, sà. Ẹ jẹ́ ká fi àgbọn bẹ̀rẹ̀."

Ṣùgbọ́n bó ṣe pè é, agbọ́n ló pè, kòkòrò tó máa ń ta èèyàn. Èjìká Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ó na ọwọ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wá gbé e dé àárín, láti fi ibi tí ohùn yẹ kó gbà hàn án. Bàrákàt tún un pè, ó sì bọ́ sí i.

"Ó kàn yín báyìí, sà."

Evelyn fi ìka kan ọrùn Alhaji. Ó kíyè sí i pé bí Alhaji bá fi agbára ti èémí, ohùn ń gòkè díẹ̀. Bí ó bá tẹrí ba tó sì dẹ èémí, ó ń relẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Nígbà mìíràn ikọ́ á gbé e, wọ́n á dáwọ́ dúró. Ohùn àtijọ́ kò padà, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn bá ti já a kulẹ̀, ó kọ́ láti fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ kó lè yéni, bíi "agbọ̀n iṣu" dípò "agbọ̀n" lásán.

Nígbà tó yá, Bàrákàt ní kí Àsúmáù wọlé, kó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ kó má baà máa wo ẹnu rẹ̀, kí Alhaji sì sọ ohun tó bá wù ú. Alhaji dí ihò ọrùn rẹ̀.

"Àsúmáù, ó ti rẹ̀ ọ́. Sinmi lọ́la, èmi á ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Obìnrin náà kò tètè yíjú padà. "Mo gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má gbé nǹkan tó wúwo."

Bàrákàt ti parí ẹ̀kọ́ báyìí, ilé ìwòsàn náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé, ará Forest Hill. Ó kọjú sí ògiri, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Bàrákàt pe Alhaji, ìyẹn sì wọ bọ́ọ̀sì wá, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kú ewu," ó ní. "Èmi náà ti dùbúlẹ̀ síbí rí."

Ọlábọ̀wálé yí padà. Ó wo ọrùn àlejò náà títí, ó wá fọwọ́ kan tirẹ̀, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń béèrè nǹkan.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alhaji dáhùn. "Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ̀rọ̀."