Ọjọ́ Méjì tí Màmá Mi Ò Bú Ẹnikẹ́ni

Lójú màmá mi, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan í ṣe ní gbogbo Surulere. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu wọn ò bá wọn fẹ̀yìn tì. Bí mo bá gbálẹ̀, wọ́n á ní ìdọ̀tí ni mo kàn ń gbé kiri. Bí àlùfáà bá ń wàásù, wọ́n á máa fi ìka ka àṣìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ń jẹun àárọ̀ gan-an ni obìnrin ẹlẹ́ja tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Fìrísà mẹ́ta ló kó ẹja sí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń tu èéfín sójú fèrèsé wa. Bó bá ti tàn án, Màmá á yọrí síta: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èmi náà lo fẹ́ yan bí ẹja ni?" Òun náà á dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Mummy." Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n ti ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan, Màmá fi bíléèdì gé ibi tó le ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Bíléèdì yẹn ti gé èékánná, ó ti tú aṣọ, Ọlọ́run ló mọ ohun mìíràn tó ti gé. Mo ti kọ́kọ́ ní ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ẹsẹ̀ ṣe. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ti gbé àwọn fún àádọ́rin ọdún ò nílò olùdámọ̀ràn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní Èkó, bí ara ẹ bá gbóná, ibà ni. Bó bá tutù, ibà ni. Bí inú bá ń bí ẹ, wọ́n á ní kó o lọ lo oògùn ibà. Mo sáré lọ sí kẹ́mísìtì, mo ra ti ibà, Màmá sì lò ó láìjanpata. Ó yẹ kí èyí nìkan ti bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣèèṣì da iyọ̀ púpọ̀ jù sọ́bẹ̀. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ó dùn, ọmọ mi." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n rọ̀ bí òwú, wọ́n ń tòògbé lórí àga, wọ́n ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn, mo ní àgbà ló dé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin l'Abẹ́òkúta. "Bọ̀dá, ó jọ pé Màmá ti di àtúnbí o." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lọ́sàn-án yẹn mo gbé orí lé itan Màmá, ohun tí mi ò ṣe láti kékeré, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tútù pa mí lórí.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́ja kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò, kí ló ń ṣe Mummy?"

"Ibà ni, Àǹtí. Wọ́n ti lo oògùn."

"Ibà kẹ̀? Láàárọ̀ yìí mo tan gen, wọ́n yọjú, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n mi.' Ẹ̀gbọ́n ta ni? E get as e be o. Mummy ò mọ̀ mí mọ́."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó di Màmá lọ́wọ́ mú. "Ọwọ́ yìí tutù ju ẹja mi lọ. Ìgbà wo ni wọ́n tọ̀ gbẹ̀yìn?" Mi ò mọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn. Ìka yẹn ti dúdú, ẹsẹ̀ ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. "Báyìí ni àbúrò mi ṣe lẹ́yìn tó bímọ," ló wí. "Àwa náà ní ibà ni. A sin ín."

Òun ló pọ̀n Màmá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ tó fi ń kó ẹja la sì wọ̀. Màmá mi jókòó sínú òórùn ẹja, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gidi.

Ní ọsibítù, dókítà bi mí pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

Ẹlẹ́ja ló fèsì. "Rárá o, dókítà. Èébú ni wọ́n máa ń sọ."

Dókítà ní sẹ́psísì ni. Kòkòrò gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ara ń bá a jà, ìjà náà sì ti ń ba ara fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó ní bí èèyàn tó ní ọgbẹ́ tàbí àìsàn kan lára bá ń gbọ̀n, tí èémí rẹ̀ ń yára, tí kì í tọ̀ dáadáa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ká má jókòó ti oògùn ibà, ká sáré gbé e wá, torí wákàtí la fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́. "Ká ní ẹ dúró di ọ̀la ni..."

Wọ́n gé ìka náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Màmá lajú, wọ́n ní nọ́ọ̀sì so okùn omi mọ́ àwọn lọ́wọ́ bí ẹni so ewúrẹ́. Mo sunkún. Wọ́n ní kí n ro bó ṣe jẹ́ fún àwọn, mo rò ó. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹlẹ́ja ti kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n dúró ná.

"Ẹni tí mo ń bú lójoojúmọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n wá wò mí. "Ìwọ tá a jọ wà nínú ilé ńkọ́? Kí lo rò pé ó ń ṣe mí?"

Mo ní mo rò pé ibà ni. Mi ò lè sọ fún wọn pé ọjọ́ méjì tí ikú fi jókòó tì wọ́n yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbádùn wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.