Ta Ló Wẹ Ọmọ Màríà?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Ẹdẹ kọjá, tí àwa ọmọdé sì máa ń fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ lọ wò ó, bàbá mi lọ ṣe ìrìbọmi. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́mọ ọwọ́ kò lè mọ ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ nínú agboolé wa. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, olóòṣà pọ́ńbélé ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin, tí bàbá mi ní àwọn kò ní gbé e dé ojúbọ kankan, màmá àgbà káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run tí ẹ lọ bá wá wẹ ọmọ yín."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí màmá àgbà ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ilé wa. Wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á ju ọmọ sókè, wọ́n á sì hán an. Bí imú ọmọ bá dí, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń fa ikun rẹ̀, wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á tún fà á. Ẹ má yínmú sí mi o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ti àwọn bàbá yín.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, imú àbúrò mi dí pa. Bó bá gba ọmú sẹ́nu, kò ní lè mí, á tu ú sílẹ̀, á ké. Nígbà tó yá, kò lágbára igbe mọ́. Ìyá mi gbìyànjú láti fa ikun náà, wọn ò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ṣáájú èyí. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹun.

Kérésìmesì ti sún mọ́lé nígbà tí tísà ṣọ́ọ̀ṣì wa wá gbàdúrà fún ọmọ náà. Wọ́n ń tu ìyá mi nínú pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ti di ọmọ tuntun rí, pé Ó mọ ìnira rẹ̀. Màmá àgbà ń gbọ́ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Olódùmarè tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, Òun lẹ tẹ́ sórí ẹní? Tísà, jẹ́ n bi ọ́. Ta ló wẹ̀ Ẹ́? Ta ló fa ikun imú Rẹ̀?"

Mo rò pé inú á bí tísà. Wọ́n kàn yíjú sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ìyá, wọn ò kọ ìyẹn sínú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ọmọ gidi ni wọ́n bí, kì í ṣe pé Ó gbé ara èèyàn wọ̀ bí ẹ̀wù. Bí imú Rẹ̀ bá dí, ẹnìkan ló bá A fà á. Ká ní Ẹdẹ ni wọ́n bí I sí, ẹ̀yin ni wọn ì bá wá pè."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Kò ní lè dá a ṣe."

Màmá àgbà dìde wọlé, wọ́n jókòó ti ìyá mi, wọ́n ní, "Gbé e wá. Kí ẹnìkan gbé omi kaná." Wọ́n gbẹ́nu lé imú ọmọ. Kí omi tó gbóná, àbúrò mi ti ń mu ọmú.

N kò ní purọ́ fún yín, wọn ò di onígbàgbọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn ò tún kọ ọmọ kankan sílẹ̀ láìwẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lóde òní, nọ́ọ̀sì ń fi rọ́bà fa imú ọmọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwàásù yín náà ń pariwo agbára Ọlọ́run títí etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Mo gbà, Ó lágbára. Ọmọ ọmọ mi kan bi mí níjọ́sí pé ṣé kò tì mí lójú láti máa sọ pé wọ́n nu imú Ọlọ́run. Kò tì mí lójú rárá. Arúgbó ni mí, èémí tèmi náà ti ń já. Ẹni tó ti jẹ́ ọmọ tí kò lè dá nǹkan ṣe rí ni mo fẹ́ kó jókòó tì mí lọ́jọ́ tí èémí náà kò bá ní í gòkè mọ́, mo sì mọ̀ pé Ó ń bọ̀.