Lórí Eékún Lẹ́nu Géètì

Mo rántí òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ojú irin Agége, ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lajú sí ìlú Èkó. Kétu ni mo ti wá, ní orílẹ̀-èdè Benin tó bá Nàìjíríà pààlà. Yorùbá là ń sọ nílé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Agége, mo sì rò pé ìyẹn ti tó láti sọ mí di onílé. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Tèmi tún wá burú jù, torí mo rò pé mo ríran ju àwọn onílé lọ.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló gbà mí sílé. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn àti ọkọ wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ ń gbé. Ọkọ wọn kò sì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: bí n kò bá rí iṣẹ́ kí Sátidé tó dé, kí n wọ ọkọ̀ padà sí Kétu. Ní Kétu ẹ̀wẹ̀, bàbá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé n kò ní pẹ́ padà wálé. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣẹ rárá.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì yẹn máa ń gba òṣìṣẹ́ ojúmọ́. Láàárọ̀, àwọn tó ń wáṣẹ́ á tò sẹ́nu géètì, ọ̀gá tó ń ṣọ́ géètì á mú àwọn tó bá wù wọ́n, wọ́n á sì ti géètì pa. Bí mo ṣe débẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Nílé wa, ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Ìyá ń gbálẹ̀ lọ ní tiwọn, ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Èmi náà ò dìde. Àwọn èèyàn ń fò mí kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Nígbà tí ìyá fi máa yíjú, tí wọ́n pariwo pé, "Háà! Dìde o, ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí mọ́tò tẹ̀ ẹ́ pa ni?", géètì ti padé.

Àǹtí mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí inú tó bí wọn. "Èkó lo wà báyìí o. Gúdù mọ́nìn ni kó o sọ, kó o máa bá tìẹ lọ. Téèyàn bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń dì."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wa pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Wọ́n ní, "Sátidé ò jìnnà o."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá géètì fúnra wọn ló bá mi lórí eékún níwájú ìyá yẹn. Ohùn mi ti sọ ibi tí mo ti wá. "Ìwọ ará Kútọnu yìí, ta ló sọ fún ẹ pé ààfin ni ibí? Mi ò gba ẹni tó ń kúnlẹ̀ káàkiri. Lọ sílé jàre!" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ eegun. Mo sunkún délé, àmọ́ bí omijé ṣe ń gbẹ ni ìbínú ń gbilẹ̀. Mo ní èmi ò ní torí bísíkíìtì gbàgbé bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ọmọdé ló ń ṣe mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, tí Sátidé ku ọ̀la, n kò tò sí ìlà. Mo rìn tààrà lọ bá ọ̀gá níbi tí wọ́n dúró sí láàárín géètì tó ṣí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, sà." Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tírélà tó kó ìyẹ̀fun dé sẹ́yìn mi, awakọ̀ ń fọn fèrè kíkankíkan. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá lé mi lónìí, Kétu yá, ṣùgbọ́n eékún mi kò kúrò nílẹ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ẹ dá ọmọ olọ́mọ lóhùn, ẹ jọ̀ọ́." Ni àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín lánàá bá gbà á: "Ẹ dá a lóhùn! Ẹ dá a lóhùn!" Ọ̀gá ká ọwọ́ lérí. "Ó dáa! Káàárọ̀! Dìde, wọlé lọ, kó o yé dí wa lọ́nà!" Bóyá wọ́n ṣèèṣì sọ ọ́ ni, n kò dúró béèrè. Mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ eékún mi, mo wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀gá bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ti ké pé, "Dìde!" kí eékún mi tó kanlẹ̀.

Ó ti pẹ́. Èmi náà ti di àgbà nílé iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ tuntun ń ju gúdù mọ́nìn sí mi bí wọ́n ti ń sáré kọjá, mo ń dá wọn lóhùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò tíì kọ́ gúdù mọ́nìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ọ̀gá géètì lẹ́bàá ojú irin. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Mo kúnlẹ̀ sórí títì. Wọ́n wò mí, wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò yára sọ pé, "Dìde!" Wọ́n jẹ́ kí n wà níbẹ̀, tí àwọn èèyàn ń yà fún wa, mo sì dúró dè wọ́n.