Ọjọ́ Tí Ìyá Ọlọ́kọ̀ Rẹ́rìn-ín

Òórùn tùràrí ló máa ń pàdé mi láàárọ̀ nígbà tí mò ń lẹ táìlì sí ilé òrìṣà tí ọ̀gá mi, ará Táíwàn, kọ́ sẹ́yìn ilé wọn n'Íkátẹ̀. Ìyá tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń bọ níbẹ̀; èéfín ti sọ ojú ère rẹ̀ di dúdú. Ẹnu ọ̀nà ọ̀tún là ń gbà wọlé. Ọ̀gá ní ẹnu ẹkùn ni tòsì, ẹni tó bá gbabẹ̀ wọlé, ọrùn ara rẹ̀ ló dá. Bí wọ́n bá fẹ́ bèèrè nǹkan, wọ́n á tan tùràrí mẹ́ta, wọ́n á wá da igi pupa méjì sílẹ̀, tí ẹ̀yìn wọ́n yọ, tí inú wọ́n tẹ́jú. Mo ní, “Ha! Obì náà nìyí!” Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi rò pé ojú tèmi mọ́lẹ̀ kedere.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi ọkọ̀ wa iyanrìn nínú ọ̀sà l'Ájah pè mí lórí fóònù.

“Àbúrò, ọkàn mi ò lélẹ̀ lónìí. Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

Mo ní kí wọ́n dúró ná. Ọ̀gá ò sí nítòsí. Mo tan tùràrí, mo da igi, inú méjèèjì ṣíjú sókè. Nílé wa, ire ni obì tó bá ṣíjú bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni gba àmì ẹ̀yẹ.

“Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ire ni o.”

Mi ò tíì kó igi nílẹ̀ tí ọ̀gá fi wọlé. Ojú wọn yí padà.

“Ta ló dà á?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìyá ò dáhùn o. Ó ń rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣíjú, kí ìkejì dojú bolẹ̀, kó tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Tún bi í.”

Mo tún un dà. Méjèèjì dojú bolẹ̀. “Ó ní rárá,” ni ọ̀gá wí, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dún, wọn ò gbé e. Nígbà tó yá, kò dún mọ́.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí ọkọ̀ náà, ó dojú dé. Wọn ò rí ẹ̀gbọ́n mi.

Mi ò dá òrìṣà olórìṣà lẹ́bi. Ọkàn ẹ̀gbọ́n mi ti dá wọn lóhùn kí n tó dá sí i. Títí di òní, bí mo bá lọ kí ìyàwó wọn, á gbé omi fún mi, á ní ṣé ọkọ òun ò tiẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo máa ń ní wọn ò pè.