Ọjọ́ Tí Mo Gbé Irin Yíyọ́ ní Ìkàrẹ́

Tí o bá gba ẹ̀yìn ọjà Ìkàrẹ́ kọjá nígbà náà, kí Èkìtì tó kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, òórùn eédú àti iyanrìn gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí o tó rí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ Ọ̀kà lèmi àti ọkọ mi. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, rírọ ló ń rọ irin tirẹ̀: á fi sínú iná, á lù ú, á di ọkọ́. Ọkọ mi ní tòun, yíyọ́ lòun yóò máa yọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti kú la máa ń fọ́ sínú ìléru, tó bá yọ́ tán, a ó dà á sínú iyanrìn tí a ti fi àpẹẹrẹ ohun tí a fẹ́ tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, pléètì ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin Ọ̀kà fi ń lọ láfún la fẹ́ dà. Bàbá ọkọ mi alára wá wòran, nítorí kò tíì gbà pé irin tí a kò lù lè ṣiṣẹ́. Iná ti ràn dáadáa kí alábàáṣiṣẹ́ ọkọ mi tó yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá wú. Òun ló sì máa ń gbé ẹ̀yìn ìgbákọ. Ìgbákọ yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Ó tóbi tó korobá, ó ní ọwọ́ irin gígùn níwájú àti lẹ́yìn, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ irin ti yọ́. Tó bá fi lè dì sínú ìléru, àfi kí a fọ́ ìléru ọ̀hún, òun nìkan la sì ní láyé. A sáré pe àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí. Wọ́n yọjú, wọ́n rí bí irin ṣe pọ́n yòò, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo ṣì ń retí wọn dòní.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní bàtà alábàáṣiṣẹ́ náà, èmi ni yóò gbé ẹ̀yìn ìgbákọ. Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó ní nílé àwọn, obìnrin kì í fọwọ́ kan irin tó wà lójú iná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù sì bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń pọn omi gun àpáta Ọ̀kà tí ẹ̀kán kan kì í ta sílẹ̀. Ẹni tó ru omi kì í wo omi. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ló ń wò.

Bàbá dìde. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ó tú awọ tó máa ń so mọ́ àyà, èyí tí kì í bọ́ àfi tó bá fẹ́ sùn, ó sì so ó mọ́ mi.

"Irin kò mọ obìnrin, kò mọ ọkùnrin," ó ní. "Ẹsẹ̀ tó bá yẹ̀ ló mọ̀."

Ọkọ mi tú irin sínú ìgbákọ, ó ha ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó léfòó, kúrò lójú rẹ̀, a gbé e. Ooru náà gbá mi lójú, irun apá mi sì jó. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní, "Rọra, Ìyá Ìbejì," mo dá a lóhùn pé kó máa dà á lọ. Dídà náà kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, torí èyí tó kọ́kọ́ wọlé ti ń dì, èyí tó bá pẹ́ dé kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, pléètì yóò sì là. Mo gbé ọwọ́ mi dọ́gba títí iyanrìn fi kún. A gbé ìgbákọ sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé èmi nìkan ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tutù, Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi òòlù kàn án. Ó dún gooro, kò sí ibi tó là. Bàbá rọra mi orí bí ẹni tó gbà, ó gbé òòlù sílẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ alábàáṣiṣẹ́ wa san, ó padà wá, ó sì nawọ́ sí ẹ̀yìn ìgbákọ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá, tó wá kí wa lọ́jọ́ náà, ní kó lọ máa fẹ́ iná.

"Ibẹ̀ yẹn ti lẹ́ni," ó ní.

Ṣé o rí i, ọ̀rẹ́ mi, tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń ní mò ń ran ọkọ mi lọ́wọ́ ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Irin ni mò ń dà.